Mo da zeocin lé trypanosome lórí, γH2AX kò yọ: ṣé DNA kòkòrò yìí kì í já ni?

Akẹ́kọ̀ọ́Lábù

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Trypanosoma brucei, kòkòrò àrùn oorun, ni mo ń ṣiṣẹ́ lé: irú procyclic, èyí tó ń gbé inú ìfun eṣinṣin tsetse. Ẹ̀yà 29-13 ni, pLEW100 wà nínú rẹ̀ (plasmid tí a fi ń gbé jíìnì wọ inú kòkòrò), SDM-79 ni mídíọ̀mù wọn, 27°C. Mo fi hydroxyurea (HU) 0.2 mM dá wọn dúró ní ìpele S (ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ìdàkọ DNA rẹ̀) fún wákàtí 12, mo ṣan án kúrò, mo fún wọn ní zeocin 50 µg/ml fún wákàtí kan kí DNA wọn lè já. Ańtíbọ́dì γH2AX (àmì pé DNA já) tí wọ́n ń tà fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí western blot. Òfo ọjọ́ kejì ọjà. Sẹ́ẹ̀lì HeLa (ti ènìyàn) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tàn yòò.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé DNA kòkòrò náà kì í já bọ̀rọ̀. Ṣé ẹ gbà? Ìbéèrè kejì: BrdU, ohun tó ń wọ DNA tuntun kí a lè rí i, ni mo fi ń wọn gígùn S. Wọ́n ní EdU dára jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ṣé ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó tó owó náà?

* * *

Ẹ̀gbọ́nKòkòrò

Má kọ ọ́ o. Bí DNA trypanosome rẹ bá tilẹ̀ já wẹ́wẹ́, ańtíbọ́dì yẹn kò lè rí i. Nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, H2AX (histone kan, púrótéènì tí DNA ń wé mọ́) ni wọ́n ń fi fọ́síféètì sàmì sí nígbà tí DNA bá já, ojú serine 139 ni àmì náà sì ń jókòó sí. Trypanosome kò ní H2AX rárá. H2A lásán ló ní, threonine 130 sì ni àmì tirẹ̀ wà. Láti 2012 ni a ti mọ èyí. Àwọn amino acid tó yí ibẹ̀ ká kò jọ ti ènìyàn. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn mú kọ́kọ́rọ́ ilé Ìbàdàn lọ ṣílẹ̀kùn ní Òṣogbo, tí kò ṣí, tó wá ní ilé náà kò ní ilẹ̀kùn.

Ańtíbọ́dì tí wọ́n ṣe sí H2A trypanosome gan-an, pẹ̀lú fọ́síféètì ní Thr130, ni kí o wá. Ọwọ́ àwọn lábù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n sábà máa ń ti tọrọ rẹ̀. Bí o bá rí i gbà, gẹ́ẹ̀lì 15% ni kí o lò, torí nǹkan bíi 14 kDa ni H2A. PVDF oníhò 0.2 µm ni kí o gbé e sí, nítorí histone kéékèèké máa ń gba inú ti 0.45 kọjá lọ. Sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù méjì sí márùn-ún tó fún ìlà kan. Bí o bá ti gbọ̀n wọ́n sílẹ̀ tán, da SDS gbígbóná lé wọn lójú ẹsẹ̀, kí o sì sè é ní 95°C. Má jẹ́ kí wọ́n jókòó nínú omi tútù pẹ̀lú detergent fẹ́ẹ́rẹ́: àwọn protease inú kòkòrò yìí kò mọ oore, phosphatase á sì ti nu àmì náà kí o tó débẹ̀.

Gbé ańtíbọ́dì H2A lásán lé ìlà kan náà pẹ̀lú. Láìsí ìyẹn, a ò ní mọ̀ bóyá àmì ni kò sí tàbí histone gan-an ni kò kúrò nínú gẹ́ẹ̀lì.

* * *

Atọpinpin

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ fo èyí tó burú jù. Ẹ ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan sí i: *pLEW100 wà nínú rẹ̀*.

pLEW100 gbé jíìnì BLE. Phleomycin la fi ń yan sẹ́ẹ̀lì tó bá gbà á, 2.5 µg/ml. Ẹbí kan náà sì ni phleomycin, bleomycin àti zeocin. Púrótéènì tí BLE ń ṣe kì í fọ́ oògùn náà, ńṣe ló ń dì mọ́ ọn kó má lè dé ìdí DNA. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì tí a ti wọ̀ ní ẹ̀wù òjò ni àbúrò wa ń da omi lé lórí, tó wá ń yà á lẹ́nu pé kò tutù. Ká tilẹ̀ gbé ańtíbọ́dì tó tọ́ fún un lónìí, yóò ṣì rí òfo tàbí ìlà tó rẹ̀ dòdò.

Ìṣòro yìí pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, torí BLE wà nínú ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wa. Ẹ̀yà 2T1 ti inú ẹ̀jẹ̀ ní in, p2T7-177 tí wọ́n fi ń ṣe RNAi (pípa jíìnì lẹ́nu mọ́) ní in. Kí ẹnikẹ́ni tó yan oògùn tí yóò fi já DNA, kó kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti dẹ́kun láti kú sí sórí ìwé kan. Ti 29-13 fúnra rẹ̀ jẹ́ G418 àti hygromycin, ìyẹn kò pa iṣẹ́ lára.

* * *

Ẹ̀gbọ́nKòkòrò

O ṣeun, ojú mi fò ó lóòótọ́. Ó kù kí a sọ ohun tí a lè lò dípò.

29-13 tí kò gbé pLEW100 ni kí o kọ́kọ́ fi dán an wò, phleomycin ní ìwọ̀n kékeré, kí o mọ̀ pé ańtíbọ́dì rẹ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, fún èyí tó gbé BLE: ìtànṣán gamma bí ilé-ìwòsàn tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní i, nítorí kò sí jíìnì tó lè dì mọ́ ìtànṣán. Camptothecin náà wà, ó ń mú topoisomerase I lẹ̀ mọ́ DNA, ìjá sì máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oríta ìdàkọ (ibi tí okùn DNA ti ń yà fún ìdàkọ) bá kọlù ú. Ṣùgbọ́n rántí pé ó kan kinetoplast (DNA inú mitochondria kòkòrò náà) pẹ̀lú, kì í ṣe núkílíọ́ọ̀sì nìkan. MMS kì í já okùn méjèèjì ní tààràtà, àwọn lẹ́tà DNA ló ń bà jẹ́. Má fi í rọ́pò láìsọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó mọ́ jù ni I-SceI: gbé ojú gígé kan ṣoṣo sí ibi tí o fẹ́ lórí kúrómósóómù, fi tetracycline jí ensáìmù náà, ìjá kan ní ibi kan. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni kí èèyàn tó kọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, èmi ò ní tàn ọ́.

Ní ti pé "DNA rẹ̀ kì í já": àní T. cruzi, kòkòrò àrùn Chagas, tó lágídí jù wọ́n lọ, tó ń yè lẹ́yìn 500 Gy gamma, kúrómósóómù rẹ̀ máa ń fọ́ túútúú lórí gẹ́ẹ̀lì pulsed-field. Láàárín wákàtí 48 ni wọ́n máa ń padà bọ̀ sípò. Ó ń já, ó sì mọ bí a ti ń tún un so. Gbólóhùn méjèèjì yàtọ̀ síra gédégbé.

* * *

ÌyáGẹ́ẹ̀lì

Kò sẹ́ni tó fẹnu kan HU. Àbúrò, HU fúnra rẹ̀ ń fa ohun tí o ń wá.

Ribonucleotide reductase ló ń dí lọ́wọ́, dNTP (èròjà tí a fi ń kọ́ DNA) á tán, oríta ìdàkọ á dúró sójú kan. Oríta tó dúró pẹ́ máa ń wó, DNA á já níbẹ̀. Wákàtí 12 kì í ṣe kékeré. Bí ańtíbọ́dì rẹ bá ti tọ́, ìwọ ì bá rí γH2A (àmì ìjá lára H2A) *kí o tó fi zeocin sí i*, o ì bá sì gbà pé zeocin ló ṣe é. Ìlà mẹ́rin ló pọn dandan lórí gẹ́ẹ̀lì yẹn: láìsí nǹkan kan, HU nìkan, oògùn ìjá nìkan, méjèèjì pọ̀. Tèmi ni pé kí o má lo HU rárá fún iṣẹ́ ìjá DNA.

* * *

Atọpinpin

Mo ta kò yín díẹ̀ níbẹ̀, Ìyá. HU ní àyè tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìdàkọ bá tún bẹ̀rẹ̀, kí la tún fẹ́ lò? Àsìkò ni kí a dín kù. Irú ti inú ẹ̀jẹ̀, 10 µg/ml fún wákàtí mẹ́fà ti tó, kí a sì pò ó tuntun lọ́jọ́ tí a máa lò ó, torí HU tó ti pẹ́ nínú omi kì í ṣe HU mọ́. Leishmania, ìbátan trypanosome, ní tirẹ̀ ń fẹ́ tó 5 mM. Ẹni tó bá gbé ìwọ̀n ọ̀kan fún èkejì, kò sí ohun tí kò lè rí.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé HU ń dá *núkílíọ́ọ̀sì* dúró. DNA kinetoplast ní àgógó tirẹ̀: ó ń bẹ̀rẹ̀ ìdàkọ díẹ̀ ṣáájú núkílíọ́ọ̀sì, ó sì ń pín ṣáájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka 1N1K, 1N2K, 2N2K (N ni núkílíọ́ọ̀sì, K ni kinetoplast) lábẹ́ maikirosíkóòpù pẹ̀lú DAPI, àwọ̀ tó ń kun DNA. Wo sẹ́ẹ̀lì 200 ó kéré tán ní gbogbo àkókò tí o bá mú. Bí o bá rí 0N1K, ìyẹn zoid, sẹ́ẹ̀lì tí kò ní núkílíọ́ọ̀sì, ìṣòro wà níbi ìpín núkílíọ́ọ̀sì: procyclic kì í dúró de mitosis kó tó gé ara rẹ̀ sí méjì. Irú ti inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kinetoplast ló máa ń kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì kan. Flow cytometry nìkan kò lè fi zoid hàn ọ́ dáadáa, pàǹtírí ló máa pè é.

* * *

Ẹ̀gbọ́nKòkòrò

Ó yá, BrdU àti EdU. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ohun kan náà ni méjèèjì, pé iṣẹ́ thymidine (ọ̀kan nínú lẹ́tà DNA) ni wọ́n ń ṣe, kí èèyàn ra èyí tówó rẹ̀ kéré. N kò gbà.

Kí ańtíbọ́dì tó rí BrdU, okùn DNA méjèèjì gbọ́dọ̀ ya. HCl 2 M fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni wọ́n fi ń ṣe é, borate ni wọ́n fi ń pa ásíìdì náà lẹ́yìn náà. Bó bá kéré jù, BrdU á fara pamọ́. Bó bá pọ̀ jù, DNA á ṣí kúrò lórí gíláàsì, DAPI á ṣú, kinetoplast á di ẹyọ àbàwọ́n kan. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ S, tí BrdU inú rẹ̀ ṣì kéré, ni àmì rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọnù. Nítorí náà iye sẹ́ẹ̀lì tó wà ní S á kéré ju ti òótọ́ lọ, gígùn S tí o bá ṣírò á sì kúrú. EdU kò nílò ásíìdì: kọ́pà ló ń so àwọ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ náà sì kéré tó láti wọ àárín okùn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n EdU ní ìkà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó lóró. Ìgbà kúkúrú ni kí o fi sí i, 100 µM fún ìṣẹ́jú 30, má fi í sílẹ̀ mọ́jú kí o tún wá sọ pé DNA ń já. Ascorbic acid gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun lọ́jọ́ náà; bó bá ti pọ́n bíi tíì, dà á nù. Bí GFP bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ, kọ́pà á pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ańtíbọ́dì sí GFP lo máa fi wá a lẹ́yìn náà.

Fún ẹni tó ń lo irú ti inú ẹ̀jẹ̀: HMI-9, mídíọ̀mù wọn, ní thymidine 0.16 mM nínú. Ìyẹn ju EdU 100 µM lọ! Méjèèjì ń du ẹnu ọ̀nà kan náà. Lo HMI tí kò ní thymidine, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì náà á rẹ̀wẹ̀sì. Bathocuproine tún wà nínú HMI-9 kan náà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti gbá kọ́pà mú. Bí o kò bá fi PBS fọ sẹ́ẹ̀lì náà dáadáa kí o tó ṣe ìsopọ̀, ohun tó ṣẹ́ kù nínú mídíọ̀mù á jẹ kọ́pà rẹ. EDTA náà bẹ́ẹ̀.

* * *

Atọpinpin

Ẹ fi ìṣirò kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n tún ti ń ṣìnà. Bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún bá tàn, tí sẹ́ẹ̀lì ń di ìlọ́po méjì ní wákàtí 8.5, èèyàn á ní S jẹ́ 0.25 × 8.5, ìyẹn 2.1. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà, ọmọdé pọ̀ ju àgbà lọ, torí gbogbo ìpín ló ń mú ọmọ méjì jáde. Ìlànà tó tọ́:

S = ln(L + e^(αZ)) ÷ α − Z − t

L ni ìdá tó tàn; α ni 0.693 ÷ 8.5, ìyẹn 0.0815, Z ni àkókò láti òpin S títí sẹ́ẹ̀lì fi pín tán, t ni ìgbà tí EdU fi wà níbẹ̀. Ká mú Z sí 2.5, t sí 0.5: e^(0.204) jẹ́ 1.226, fi 0.25 kún un, 1.476, ln rẹ̀ 0.389, pín in pẹ̀lú 0.0815, 4.78, yọ 2.5 àti 0.5 kúrò, ó ku nǹkan bíi wákàtí 1.8. Ìṣẹ́jú ogún ló ti sọnù sínú ìṣirò kíákíá yẹn. Àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà wọ̀nyí o, wọn Z tìrẹ fúnra rẹ: fi EdU sí i, máa mú díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí 2N2K àkọ́kọ́ tó tàn yóò fi yọ.

* * *

ỌmọLeish

Ẹ má bínú pé mo já lù yín. Ẹ ń sọ ìdàkọ, ẹ̀yin ará brucei. Níbo ni ẹ wà lórí ojú ìbẹ̀rẹ̀ ìdàkọ Leishmania? Torí n kò mọ ta ni kí n gbà gbọ́ mọ́. MFA-seq ní 2015 sọ pé L. major ní ẹyọ kan ṣoṣo lórí kúrómósóómù kọ̀ọ̀kan, 36 fún kúrómósóómù 36. Ní 2016, àwọn tó ń ka okùn DNA kúkúrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, SNS-seq, ní ó lé ní 5000. Láti 36 dé 5000!

* * *

Ẹ̀gbọ́nKòkòrò

Kò sí irọ́ nínú méjèèjì, ohun tí wọ́n wọ̀n ló yàtọ̀. MFA-seq: a fi propidium iodide kun sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ ya wọ́n sí S àti G2 (ìpele lẹ́yìn ìdàkọ), a ka DNA méjèèjì, a sì pín ti S pẹ̀lú ti G2 ní abala kéékèèké. Ibi tó bá ga ni ibi tí ìdàkọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú *ọ̀pọ̀* sẹ́ẹ̀lì. Ojú ìbẹ̀rẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì kan nínú ogún ń lò kò lè yọ níbẹ̀. SNS-seq ní tirẹ̀ ń rí èyí tó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n lambda exonuclease tí wọ́n fi ń jẹ DNA tó kù kì í jẹ ibi tí G ti pọ̀ tó sì ká jọ dáadáa, ibẹ̀ á wá dà bí ojú ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ fúnra rẹ ṣírò ó. Kúrómósóómù 36 gùn tó nǹkan bíi 2.7 Mb. Bí ojú ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan láàárín, oríta kọ̀ọ̀kan ní 1350 kb láti rìn. Ní 2.5 kb ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí mẹ́sàn-án nìyẹn, S kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹyọ kan kò tó, àfi bí ìdàkọ bá ń lọ lẹ́yìn S pẹ̀lú. Ní 2020 ni wọ́n sì rí i pé ìtòsí telomere (ìpẹ̀kun kúrómósóómù) L. major ń dàkọ ní ìta S lóòótọ́. Èyí ló wọ̀ mí létí jù.

Fún ọ, ỌmọLeish: iye kúrómósóómù Leishmania kò dúró sójú kan láti sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì. Má ṣe fi G2 láti inú ìgò ọ̀sẹ̀ tó kọjá pín S tòní.

* * *

Alátakò

Gbogbo èyí dùn ní kíkà, ṣùgbọ́n WHO jẹ́rìí sí Togo ní 2020 pé àrùn oorun kì í ṣe ìṣòro ìlera ìlú mọ́ níbẹ̀, ó kan Benin ní 2021. Wíwá aláìsàn kiri, títọ́jú wọn àti dídẹ tsetse ló ṣe é. Kò sí RAD51, púrótéènì àtúnṣe DNA, níbẹ̀. Àti pé brucei tí ẹ ń sìn nínú ìgò kì í mú ènìyàn, T. b. gambiense ló ń mú wọn níbẹ̀.

* * *

ÌyáGẹ́ẹ̀lì

Nípa gambiense, òótọ́ ni: T. b. brucei ń kú sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ẹran ló ń ṣe. Ìdí tí a fi ń sìn ín nìyẹn, kò lè pa ẹni tó ń sìn ín.

Ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀. Fexinidazole tí wọ́n ń lò báyìí, àgbà máa gbé 1800 mg mì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, 1200 mg fún mẹ́fà tó kù. Oògùn nitro ni. Nitroreductase inú kòkòrò náà ló ń sọ ọ́ di májèlé. Benznidazole tí wọ́n ń lò fún Chagas ní Brazil, ọjọ́ 60, bákan náà ni, DNA sì wà lára ohun tó ń bà jẹ́. Kòkòrò tó bá mọ àtúnṣe DNA dáadáa ní àǹfààní lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Èyí tó dín nitroreductase rẹ̀ kù ní ọ̀nà mìíràn. Ní 2018 wọ́n tún fi hàn pé T. cruzi kan máa ń dá ìdàkọ dúró nínú sẹ́ẹ̀lì ẹran, kí benznidazole kọjá lórí rẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. EdU náà wà lára ohun tí wọ́n fi rí i. Àwọn kan ń jiyàn bóyá gbogbo ẹ̀yà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà yẹn kò tíì parí.

Ọ̀nà àtúnṣe náà tún yàtọ̀ sí tiwa. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn lè lẹ ẹnu DNA méjì tó já pọ̀ láìwo ẹ̀yìn. Trypanosome àti Leishmania kò ní ligase IV tó ń ṣe é. Ku wà, ṣùgbọ́n ìdí telomere ló ń bójú tó. Ó kù sí kí wọ́n wo ẹ̀dà kejì kọ, RAD51 ló ń darí ìyẹn, tàbí kí wọ́n fi ibi kúkúrú tó jọra so ó, kí ohun tó wà láàárín sì sọnù. Ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn kan náà ni brucei fi ń pààrọ̀ ẹ̀wù VSG rẹ̀ (púrótéènì tó bo ara rẹ̀) tí agbára ara kò fi rí i mú. Ẹni tó bá ń fi CRISPR gé Leishmania gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n: bí o kò bá fún un ní DNA tí yóò wò kọ, tó ní lẹ́tà 30 tó bá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mu, abala ńlá ló máa gé dà nù fúnra rẹ̀.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́Lábù

Mo dúpẹ́ o. Mo ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Ohun tí mo fẹ́ ṣe: 29-13 lásán àti èyí tó gbé pLEW100, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, phleomycin 1 µg/ml fún wákàtí kan, kò sí HU, ańtíbọ́dì Thr130, mo ti kọ lẹ́tà sí lábù kan. EdU 100 µM, ìṣẹ́jú 30, sẹ́ẹ̀lì 200. Ṣé mo tún gbàgbé nǹkan?

* * *

Atọpinpin

Bẹ́ẹ̀ ni. Yọ phleomycin kúrò nínú mídíọ̀mù tí o fi ń sin ẹ̀yà pLEW100 náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí o pè ní "láìsí oògùn" ti ní 2.5 µg/ml nínú, ìyẹn ju ohun tí o fẹ́ fi dán an wò lọ.